Ohun Tó Ń Ta Màmá Lẹ́nu

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: wọ́n ní mo fẹ́ fi májèlé pa ìyá ọkọ mi. Wọn ò sọ ọ́ báyìí ní tààrà níbẹ̀rẹ̀ o. Wọ́n kọ́kọ́ ń yí i ká ni. Wọ́n á ní ẹnu ń ta Màmá. Wọ́n á ní ó ti ṣe díẹ̀ tó ti ń ta wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bi mí, bí ẹni ń ṣeré, pé kí ni mo fi se ọbẹ̀ àná. Èmi náà kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Iṣẹ́ èékánná ni mò ń ṣe. Yàrá iwájú ilé wa, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì, ibẹ̀ ni tábìlì mi wà, pẹ̀lú fáànù kékeré tó ń fa eruku àti iná kan tó ń tàn sórí ọwọ́ oníbàárà. Bí obìnrin bá wọlé pẹ̀lú èékánná tó ti fi eyín jẹ títí dé ìdí, èmi ni màá fi pọ́dà àti omi kan báyìí, tí kì í ṣe omi mímu, kọ́ òmíràn fún un. Màá ki bọ́rọ́ọ̀ṣì bọ omi, màá fi kan pọ́dà, á di ìṣù kékeré kan lẹ́nu bọ́rọ́ọ̀ṣì, màá tẹ́ ẹ sórí èékánná kó tó gan. Ike ni. Mi ò fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Omi yẹn máa ń rùn, òórùn ẹ̀ máa ń gún èèyàn nímú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bí mo bá wọ ọjà, àwọn tó mọ̀ mí á ti mọ̀ pé mo ti dé kí wọ́n tó rí mi.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, obìnrin ni, ọwọ́ tiẹ̀ ti bàjẹ́. Kò fi ìbọ̀wọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó sì ń jẹ́ kí omi yẹn kan òun lára lójoojúmọ́. Ní báyìí, bí ẹnì kan bá kàn ṣí ìgò náà nítòsí ẹ̀, ìka ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á máa bó. Òun ló sọ fún mi pé ike tó bá ti jinná kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn: bí omi àti pọ́dà bá ti mú ara wọn tán pátápátá, tí omi kankan ò ṣẹ́ kù nínú ẹ̀, ó ti jinná nìyẹn. O lè fi fọ abọ́, o lè fi họ orí. Èyí tí kò tíì jinná ni kó o sá fún.

Eruku tí mo bá sì rẹ́ lára èékánná, mi kì í dà á sí gọ́tà. Eruku yẹn kì í jẹrà. Bó bá wọ odò, ẹja á kó o jẹ, àwa náà á kó ẹja jẹ. Aṣọ tútù ni mo fi ń nù ún, màá kó o sínú ike kan tó ní ìdérí, bó bá kún, màá gbé e fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Mi ò mọ ibi tí àwọn náà ń gbé e lọ. Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dà mí láàmú nígbà mìíràn, àmọ́ kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i ju kí n má jẹ́ kó fò.

Nígbà tí Màmá kó wá sọ́dọ̀ wa, tábìlì yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ìborùn bo imú, wọ́n bi ọkọ mi pé ṣé inú èéfín yìí ló ń sùn. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín ni. Fóònù ló ń tún ṣe, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nísàlẹ̀ títì wa, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ tí kò gbà pé òun lè lẹ̀ pọ̀. Rédíò, bàtà, ẹsẹ̀ àga, etí ife. Ìyá ẹ̀ gbà pé kò sí irú ẹ̀ láyé. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, nígbà yẹn.

Ohun kan wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Eyín iwájú Màmá kì í ṣe tiwọn. Ọkọ mi ló mú wọn lọ ṣe é lọ́dọ̀ oníṣẹ́ eyín kan, òun nìkan ló sì yẹ kó mọ̀. Èmi ò yẹ kí n mọ̀. Mo kàn wọ yàrá Màmá láàárọ̀ ọjọ́ kan láti gbé tíì fún wọn, mo bá rí eyín nínú ife omi lórí tábìlì, pẹ̀lú èrìgì ẹ̀ tó pupa fòò. Mo fẹ̀yìn rìn jáde, mo kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì, mo dúró kí wọ́n dáhùn. Nígbà tí mo padà wọlé, eyín ti wà lẹ́nu, ife ti ṣófo, èmi àti wọn kí ara wa dáadáa. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn, bí wọn ò sì ṣe mọ̀ pé mo mọ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n, wọ́n ní ata mi pọ̀. Mo dín ata kù. Wọ́n ní iyọ̀ ni. Mo dín iyọ̀ kù títí ọkọ mi fi bi mí bóyá mo ń bínú. Ẹnu ṣì ń ta wọ́n. Ètè wọn wú, ẹ̀gbẹ́ ahọ́n wọn pọ́n, àjà ẹnu wọn bó. Bí wọ́n bá mu omi tútù, á rọlẹ̀ díẹ̀, bó bá ṣe díẹ̀ sí i, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní kí wọ́n lanu, Màmá la ẹnu bí ìlà tín-ín-rín, wọ́n sì fi ọwọ́ bo iwájú. Dókítà fún wọn ní oògùn tí wọ́n á fi fọ ẹnu. Ẹnu tí èèyàn ò rí inú ẹ̀, kí ni dókítà fẹ́ ṣe sí i?

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Adájọ́ dá sí i. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin nìyẹn, lẹ́yìn wọn la sì ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹjọ́ tí wọn kì í dá. Bí ológbò ilé kejì bá gbé ẹja, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ tẹnu ẹlẹ́ja, wọ́n á gbọ́ tẹnu ológbò, ológbò náà ló sì máa jẹ̀bi. Wọ́n wọ yàrá iwájú mi, wọ́n gbé ìgò omi mi sókè, wọ́n wo àmì iná tó wà lára ẹ̀ àti àmì tó ní kí wọ́n má jẹ́ kó kan ojú. Wọ́n gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n bi mí pé níbo ni mo ti ń fọ ọwọ́ kí n tó wọ kíṣìnnì. Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn." Ẹ mọ irú hẹn-ẹn tí mò ń sọ.

Láti ọjọ́ yẹn, ohun gbogbo yí padà nílé. Màmá ò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Wọ́n á ní àwọn ti yó, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti àárọ̀. Bí mo bá gbé omi fún wọn, wọ́n á gbà á, wọ́n á dà á síbi tí wọ́n ń da omi sí, wọ́n á lọ bu òmíràn fúnra wọn. Mò ń rí gbogbo ẹ̀. Inú ń bí mi débi pé mo fi fáìlì rẹ́ èékánná oníbàárà kan ju bó ṣe yẹ lọ, obìnrin náà sì fa ọwọ́ ẹ̀ padà.

Wọ́n wá mú Màmá lọ sí ilé Àǹtí Adájọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, wọ́n á jẹun níbòmíì, ẹnu á máa ta wọ́n lọ, ayé á sì rí i pé kì í ṣe èmi. Lóòótọ́, ẹnu ń ta wọ́n níbẹ̀ náà. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? Wọ́n ní nǹkan náà ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Wọ́n ní ohun tí mo fún wọn jẹ ti ràn dé ibi tí kò ṣeé yọ. Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ sí irú ìyẹn?

Ohun tó wá burú jù ni pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi. Mo ń ro eruku yẹn. Mo ń ro bóyá ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, bóyá ó ń bà sórí àwo. Mo nu gbogbo ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo pààrọ̀ aṣọ kí n tó dáná. Mo pe ọ̀gá mi, mo bi í pé ṣé eruku èékánná lè mú ẹnu ènìyàn wú. Ó ní eruku lè bá ihò imú àti ojú jà, pé kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fà símú, àmọ́ èyí tó ti jinná ò lè bó àjà ẹnu. Ó ní omi fúnra ẹ̀ ló lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí n lọ wo ibi tí omi mi ń gbà lọ.

Mo lọ wò ó. Omi inú ìgò mi ti lọ sílẹ̀ ju iṣẹ́ tí mo ṣe lọ. Mo ronú títí. Mo kọ́kọ́ ní ooru ló fà á. Lẹ́yìn náà ni mo rántí bí Àǹtí Adájọ́ ṣe gbé ìgò yẹn lọ́jọ́sí. Mo ní, àṣé wọ́n ti bù lára ẹ̀, wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún àwọn tó ń yẹ nǹkan wò, kí wọ́n lè fi pè mí lẹ́jọ́. Mo ní tàbí Màmá fúnra wọn ni, kí wọ́n lè dá mi lẹ́bi. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n yé ronú bẹ́ẹ̀, ó ní omi máa ń gbẹ. Ó ń fi ìka kan họ ìka kejì bó ṣe ń sọ ọ́. Mo bi í pé kí ló ṣe é lọ́wọ́, ó ní òjé tí òun fi ń jó wáyà fóònù ni.

Àǹtí Adájọ́ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú Màmá, pé ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ tán. Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé èmi ni, màá kó ẹrù mi jáde lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rí wo? Àwọn ni ẹlẹ́jọ́, àwọn ni adájọ́, àwọn náà ni ẹlẹ́rìí. Ibi tí ìdààmú mi wà gan-an ni pé bí mo bá jáde nílé yẹn pẹ̀lú orúkọ apani, iṣẹ́ mi tán. Ta ló máa jókòó síwájú mi, tó máa na ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sí mi? Mi ò ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, mi ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kàn jókòó ti tábìlì.

Wọ́n dé. Àǹtí jókòó sórí àga ọkọ mi, Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọkọ mi dúró ti ògiri. Àǹtí ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ní àwọn ò sọ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é o, àwọn kàn ní kí n sọ òótọ́ ni. Mo wo ọkọ mi, ó wo ilẹ̀. Àǹtí wá ní kí n kúnlẹ̀ síwájú Màmá, kí n wo ojú wọn, kí n fi ẹnu ara mi sọ pé mi ò fi nǹkan kan sí oúnjẹ wọn rí.

Mo kúnlẹ̀. Ìyá ọkọ ni, mi ò lè bá wọn du ìyẹn. Mo sún mọ́ wọn títí orúnkún mi fi kan ẹsẹ̀ wọn. Màmá la ẹnu láti sọ pé kí n má fọwọ́ kan àwọn, mo sì gbóòórùn iṣẹ́ mi.

Mo kọ́kọ́ rò pé ara mi ni. Mo gbóòórùn ọwọ́ mi, ọṣẹ ni. Mo gbóòórùn apá aṣọ mi, kò sí nǹkan níbẹ̀. Màmá tún sọ̀rọ̀, ó tún jáde, ó gún mi nímú gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ṣe bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìgò.

"Màmá," mo ní, "ẹ dákun, ẹ lanu."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú inú wò ó. Ìyàwó ilé tó kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ ẹ̀, tó ní kí wọ́n lanu, bí ẹni ń wo ọmọdé bóyá ó ti jí ṣúgà lá. Àǹtí fò dìde, wọ́n ní orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n ọkọ mi náà kúrò lára ògiri. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí ti tó, ó ní kí gbogbo wa jẹ́ kó tán síbẹ̀, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò nílé mọ́. Ọkùnrin tí kò ti sọ gbólóhùn kan láti ìgbà tí wọ́n ti ń bú ìyàwó ẹ̀. Ibẹ̀ lara ti fu mí. Mo yíjú sí i lórí ìkúnlẹ̀, mo ní kó fi ọwọ́ ẹ̀ hàn mí. Ó ki í bọ àpò.

"Fi ọwọ́ ẹ hàn mí."

Ó yọ ọ́ jáde. Orí ìka ẹ̀ ti bó, ó ti sán, gẹ́lẹ́ bíi ti ọ̀gá mi. Òjé kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn tó lọ sílẹ̀. Eyín Màmá ló kán. Ó bọ́ sínú abọ́ ìfọwọ́, ó sì là ní ibi èrìgì. Màmá ò fẹ́ padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ eyín, kí àwọn èèyàn má bàa rí wọn níbẹ̀. Wọ́n ní kó bá àwọn wá nǹkan ṣe sí i, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rántí pé pọ́dà àti omi ni oníṣẹ́ eyín fi ṣe tiẹ̀, ó sì rí i pé pọ́dà àti omi wà lórí tábìlì mi. Ó ní ike kan náà ni. Ó bu díẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́. Bó bá tún ṣí, á tún lẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ gbẹ̀yìn, nígbà tó lọ kí Màmá nílé Àǹtí.

"Eyín wo?" Àǹtí bi í.

Mo sọ fún ọkọ mi pé omi tiwa àti tàwọn oníṣẹ́ eyín, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n lóòótọ́, wọn kì í ṣe ìbejì. Àwọn yẹn máa ń se eyín nínú omi gbígbóná fún àkókò gígùn kí omi inú ẹ̀ tó jinná tán, kó tó wọ ẹnu ènìyàn. Tèmi, orí èékánná ló wà fún, èékánná ò sì ní ẹ̀jẹ̀, kò ní itọ́. Òun wá fi ojú díwọ̀n, ó da omi púpọ̀ sí i kó lè ṣàn wọ ibi tó là, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó sì ki í bọ ẹnu ìyá ẹ̀. Òkè ẹ̀ gan, inú ẹ̀ tútù. Ohun tí kò jinná níbẹ̀ ló ń yọ jáde sí wọn lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́.

Ó ní òun ò mọ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Mo bi í pé nígbà tí mo sọ pé omi mi ń dín kù ńkọ́. Nígbà tí mo ń nu ilé bíi wèrè ńkọ́. Nígbà tí mo bi í nípa ọwọ́ ẹ̀. Ó ní òun ti ṣèlérí fún Màmá ni. Mo wojú ọkùnrin yìí, tí mò ń se oúnjẹ fún, tó mọ̀ pé òun ló ń bu omi mi, tó sì dúró ti ògiri kí wọ́n fi mí kúnlẹ̀. Ó dùn mí ju gbogbo ohun tí Àǹtí sọ lọ.

Ìgbà yẹn ni Màmá sọ̀rọ̀. "Kò ta mí mọ́," wọ́n ní. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó ti lọ. Ọmọ mi ò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n pa ẹnu dé mọ́ eyín náà. Omi ń dà lójú wọn wá sí àgbọ̀n, wọ́n sì jókòó gbọin gbọin.

Àǹtí Adájọ́ ò wò mí. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé láti ìgbà wo ni Màmá ti ń lo eyín ike tí àwọn ò mọ̀. Ó dùn wọ́n gan-an. Nígbà tí wọ́n sinmi tán, wọ́n dá ẹjọ́: wọ́n ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Bí wọ́n ṣe dé, èmi ni mo jẹ̀bi, bó ṣe wá kan àbúrò wọn, kò sẹ́ni tó jẹ̀bi mọ́. Wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n lọ.

Mo na ọwọ́ sí Màmá, mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ní kò ta àwọn. Mo ní mo ti gbọ́, àmọ́ bí wọn ò bá yọ ọ́, irú ohun tó ṣe ọ̀gá mi lọ́wọ́ á ṣe wọ́n lẹ́nu, kò sì ní lọ mọ́, tó fi jẹ́ pé oníṣẹ́ eyín gidi pàápàá ò ní lè fi ike sí wọn lẹ́nu láéláé. Wọ́n wo ọmọ wọn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Èmi ni mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ eyín ní Mọ́ńdè. Ọkọ mi ní òun á tẹ̀ lé wa, mo ní kó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Màmá fi ìborùn bo ẹnu, mo di ike tó ní eyín nínú mú lórí itan. Ètè wọn ti ń rọlẹ̀. Láàárọ̀ yẹn wọ́n mu tíì tí mo fún wọn, wọ́n mu ún tán, mo sì ṣe bí ẹni tí kò rí i.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo yíjú sí wọn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí ni, mo sì ti ń wá ohun tí màá fi dáhùn, pé kò sí nǹkan kan, pé ó ti tán. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ká ìborùn kúrò lẹ́nu díẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu sún mọ́ mi létí.

"Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ sí ọkọ ẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, má fi nǹkan kan sí oúnjẹ ọmọ mi."

Oníṣẹ́ eyín ní kí ẹni tó kàn wọlé. Mo dìde, mo sì na ọwọ́ sí wọn kí wọ́n lè dìde.